Kẹ̀kẹ́ màmá mi kò wọ ẹnu ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Mọ́níyà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló mú. A dúpẹ́ pé ohùn wọn kò lọ, wọ́n ṣì ń bá mi wí dáadáa. Ilé ìwòsàn ní ká máa múra, wọ́n á dá wọn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Bí ènìyàn bá dì wọ́n mú, wọ́n lè dìde, wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àmọ́ kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n á máa lò nínú ilé.

Mọ́níyà ní Ìbàdàn nilé wa wà. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní 1984, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níwájú kéèyàn tó dé fàráńdà. Mo yá kẹ̀kẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi dán ilé wò. Ó wọ pálọ̀. Ó wọ yàrá màmá, ó kàn fara ha ilẹ̀kùn díẹ̀ ni. Ó dé ẹnu ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì, ó kọ̀. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: àyè íńṣì 24 ló wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ fẹ̀ ní íńṣì 26. Nítorí íńṣì méjì, màmá mi ò ní lè wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé ara wọn.

Bíríkìlà àdúgbò wa ní kí n má mikàn, òun á fi kọnkéré bo àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó di ráǹpù, ọ̀nà dídagẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká má fowó ṣòfò, àwa ọmọ mẹ́rin la wà, ká máa gbé wọn. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Má jẹ́ kó fọwọ́ kan àtẹ̀gùn yẹn o! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta. Irú ráǹpù yẹn, èmi náà ti ṣe é rí fún bàbá kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ. Inú ẹbí dùn, wọ́n fún mi lóúnjẹ. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ tó ń ti bàbá yọ̀, kẹ̀kẹ́ fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, eegun èjìká bàbá kán. Kò sẹ́ni tó bú mi. Èmi ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ìṣirò rẹ̀ ò le rárá. Íńṣì kan ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn. Òun ni òfin Amẹ́ríkà ń pè ní 1 sí 12. Má ka àtẹ̀gùn o, wọn gíga ilẹ̀ fàráńdà láti ilẹ̀ títí dókè. Ká ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga ní íńṣì mẹ́fà, mẹ́rin jẹ́ íńṣì 24. Ráǹpù rẹ á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Èyí tí bíríkìlà yín fẹ́ ṣe yẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré ló máa fi gun íńṣì 24. Òkè Olúmọ nìyẹn, kì í ṣe ráǹpù.

Kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán, mẹ́rin ló wù mí. Níbi tó bá ti yí, àti lókè lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ṣe ibi pẹrẹsẹ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ́nà méjèèjì, kí kẹ̀kẹ́ lè dúró kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ ṣe ìgbátí bí íńṣì mẹ́rin sí etí rẹ̀ kí táyà má bàa já bọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ lẹ táìlì mọ́ ọn! Kí kọnkéré tó gbẹ, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle fà á láti ọ̀tún sí òsì, kí ojú rẹ̀ le kó lè mú táyà.

Kẹ̀kẹ́Mi_Sùúrùlérè

Ẹ̀yin lẹ mọ símẹ́ńtì, èmi ni mò ń jókòó lé e. Pólíò mú mi kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mi ò sì rántí ìgbà tí mo fẹsẹ̀ rìn.

Àbúrò, jọ̀ọ́ dá mi lóhùn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni màmá máa jáde síta lọ́sẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa tọ̀ lójúmọ́? Gbogbo ilé tí wọ́n bá ti ní ká wá wò, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ làlejò ń rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì. Ní alẹ́ òní, pa iná, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yẹn, fi gèlè di ọwọ́ òsì rẹ mọ́ àyà, má fi ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀, kí o wá rìn láti bẹ́ẹ̀dì màmá dé orí àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ohun gbogbo tó bá dá ọ dúró lọ́nà, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra. Owó tó bá wà lọ́wọ́, bí o ṣe kọ ọ́ ni kí o ṣe ná an.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ máa gbé wọn, inú rere ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi sọ ọ́. Àmọ́ ẹ má rò pé ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tọ̀ á máa mumi. Nílé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rẹ́ mi méjì ló ń gbé mi lọ sí ṣáláńgá. Mo dẹ́kun omi mímu lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán kí n má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn ò mọ̀ títí a fi jáde. Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tí ìtọ̀ mi fi rí báyìí.

Àgbà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn bàbá wa ò mọ ráǹpù, wọ́n tọ́jú arúgbó títí wọ́n fi sin wọ́n. Ìyá ló kọ́kọ́ pọ̀n wá. Bó bá dìgbà tiwa, ṣé símẹ́ńtì la máa ní kó bá wa pọ̀n wọ́n? Ọmọ òde òní kàn ń wá ohun tó máa dúró nílé de òun ni, kí òun lè ráyè lọ Èkó.

Kẹ̀kẹ́Mi_Sùúrùlérè

Ẹ kú àgbà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ilé wo làwọn bàbá wa kọ́? Agbo ilé ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àgbàlá wà láàárín, arúgbó á wọ́dìí láti orí ẹní dé ìdí igi. Àwa la kọ́ petesì, àwa la gbé ilẹ̀ sókè, àwa la sọ tọ́lẹ́ẹ̀tì di ihò eku. Arọ sì tún wà nínú ẹni òòṣà tí wọ́n ní Ọbàtálá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Wọn ò sọ pé ká máa gbé wọn kiri bí àpò gàrí.

Àgbà_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ agbo ilé yẹn wọlé. Mi ò tíì gbà tán ṣá o.

Fisio_Òṣogbo

Mo ń tọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Ẹ má fi ọwọ́ òsì fa màmá dìde, bó ti wù kí ìkánjú pọ̀ tó. Iṣan tó di èjìká yẹn mú ti dẹ̀. Bí ẹ bá fà á, eegun lè yẹ̀ kúrò lójú ihò rẹ̀, ìrora rẹ̀ á sì pẹ́ lára. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìyá wọn gan-an ni mo máa ń rí tó ṣe èyí. Ẹ̀yìn ẹni tó ń gbé náà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí ọ̀tún jẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀tún lagbára wà. Bí wọ́n bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pẹrẹsẹ. Mátíráàsì méjì tí àwọn màmá wa máa ń tò léra yẹn, ẹ yọ ọ̀kan. Ojókòó kẹ̀kẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà.

Àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì wa sábà máa ń kúrú jù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lókè òkun jẹ́ íńṣì 17 sí 19 láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó. Wọ́n ń ta ìjókòó onírọ́bà tó ga tí wọ́n ń gbé ka àwo. Bí ẹ ò bá rí i, wẹ́dà lè ṣe férémù onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní apá méjì, kí ẹ gbé e dúró lórí àwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé gé ihò sí àárín àga rọ́bà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà lórí táìlì tó tutù, mo ti rí ẹni mẹ́ta tó ṣubú bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn tọ́lẹ́ẹ̀tì ńkọ́, inú ló ń ṣí sí àbí ìta? Bí ó bá ń ṣí sínú tí màmá sì ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, ara wọn fúnra rẹ̀ á ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ ò ní lè wọlé.

Ọmọ_Mọ́níyà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àǹtí Kẹ̀kẹ́Mi, mo ṣe é lálẹ́ àná. Ìyàwó mi rò pé orí mi ti dàrú.

Ohun àkọ́kọ́ tó dá mi dúró kì í ṣe ilẹ̀kùn o. Kápẹ́ẹ̀tì ni. Táyà iwájú ká a jọ, mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn, ọwọ́ kan ni mo ní. Ẹ̀ẹ̀kejì, súwíìṣì iná pásééjì ga jù, ìka mi ò dé e láti ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, láàárín pásééjì àti tọ́lẹ́ẹ̀tì, ìdènà símẹ́ńtì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ṣe kí omi má bàa jáde, kò ju íńṣì méjì lọ. Ọdún 40 ni mo ti ń gba orí rẹ̀ kọjá, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò gùn ún. Ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn ló ṣe ìkẹrin. Inú sì ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí.

Ohun kan tí mo gbàgbé sọ: balùwẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì, ògiri kan ló là wọ́n. Tọ́lẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, balùwẹ̀ fẹ̀ ní mẹ́rin. Ẹ̀yìnkùlé ní ilẹ̀kùn kan tó wọ kíṣìnnì, àtẹ̀gùn kan péré ló ní, íńṣì méje.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Ó parí! Wó ògiri àárín yẹn. Tọ́lẹ́ẹ̀tì àti balùwẹ̀ á di yàrá kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ààbọ̀ pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ nílò àyè bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún kó tó lè yí po, wàá sì rí i níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ láyé bàbá rẹ ló máa ń ní ògiri yìí. Fi òòlù kàn án wò. Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù íńṣì márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí kò sí òpó kọnkéré nínú rẹ̀, tí igi òrùlé ò sì gùn ún, ó ṣeé yọ. Kí ẹni tó mọṣẹ́ gun òkè àjà lọ wò ó kí ẹ tó wó o.

Ẹnu ọ̀nà: àyè íńṣì 32 ni kí o máa lé, láti ara ilẹ̀kùn tó ṣí tán dé ara férémù. Híńjì kan wà tó ń gbé ilẹ̀kùn kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ó lè fún ọ ní bí íńṣì méjì, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tiyín fẹ̀ ní 26, ìka màmá á máa bó lára férémù. Gé ògiri ni. Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni líńtẹ̀lì, kọnkéré tó gùn lórí ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń da líńtẹ̀lì yí gbogbo ilé ká ni, kì í ṣe orí ilẹ̀kùn nìkan. Họ símẹ́ńtì ara ògiri díẹ̀ lápá ibi tí o fẹ́ gé. Bí o bá rí kọnkéré tó ń bá a lọ, gé ògiri abẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí o bá rí i pé ó dá dúró síbẹ̀, fi igi gbé e ró kí o tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ sì da líńtẹ̀lì tuntun.

Ìdènà íńṣì méjì yẹn, fọ́ ọ. Fi ilẹ̀ balùwẹ̀ gẹ̀rẹ́ díẹ̀ síbi ihò omi, omi ò ní jáde.

Irin ìdìmú wá ńkọ́. Ibí yìí ni gbogbo wọn ti ń ṣìṣe. Búlọ́ọ̀kù wa níhò nínú. Bí o bá fi súkúrúù kan irin mọ́ ọn, á dúró títí di ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù níbi tí irin máa wà, ki kọnkéré kún ihò rẹ̀, jẹ́ kó le fún ọjọ́ méje, kí o tó lu ihò bóòtì. Tàbí kí bóòtì gba ògiri kọjá, kí o fi pátákó irin dè é lódì kejì. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fà á. Mo sanra, bó bá gbé mi, á gbé màmá.

Fisio_Òṣogbo

Kí irin náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn nígbà tí wọ́n bá ti jókòó, ẹ má fi ti ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣèṣirò. Ìwọ̀n ìwé jẹ́ íńṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀, àmọ́ màmá wa ò ga bí òyìnbó. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá délé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n na ọwọ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri. Kí wẹ́dà tó jó o.

Ìyàwó_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ìyá ọkọ mi níbí ní London, káńsù rán òṣìṣẹ́ kan wá kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó fi téèpù wọ̀n láti kòtò ẹ̀yìn orúnkún màmá dé gìgísẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló fi mọ bí àga àti tọ́lẹ́ẹ̀tì ṣe máa ga tó. Ohun tí ẹ ń sọ níbí gẹ́lẹ́ ni.

Owó ìrànwọ́ wà fún iṣẹ́ ńlá, ó lè tó £30,000 ní England, àmọ́ wọ́n á yẹ owó tó ń wọlé fún yín wò, ẹ ó sì dúró. Àwa dúró títí ó fi sú wa, ọkọ mi ló fúnra rẹ̀ kan irin àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé láti 1999, òfin ìkọ́lé ibí ti ń béèrè pé kí ilé tuntun ní ẹnu ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà, kí tọ́lẹ́ẹ̀tì sì wà ní ilẹ̀ tí èèyàn bá wọlé sí. Ilé àtijọ́ ni tiwa, gbogbo wàhálà yẹn ò bá má sí.

Ayálégbé_Mushin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé lẹ ń wó ògiri. Yàrá kan ni èmi háyà, ojú-kojú, tọ́lẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn, ìdílé mẹ́jọ ló ń lò ó. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, eegun ẹ̀yìn sì fara gbọgbẹ́. Mo bẹ lańdílọ́ọ̀dù pé kó jẹ́ kí n fi símẹ́ńtì díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, owó ara mi ni. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe ilé òun ní ilé arọ. Ṣé òfin ò lè mú un ni?

Kẹ̀kẹ́Mi_Sùúrùlérè

Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Òfin wà, àmọ́ ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ló kọjú sí jù. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019, ó sì fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe. Márùn-ún pé ní 2024. Báǹkì tí mò ń lò ṣì ń rán gààdì jáde wá gba ìwé lọ́wọ́ mi lórí ìloro. Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, LASODA, sì wà. Lọ bá wọn, wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ní tàn ọ́ pé wọ́n á fi ọlọ́pàá gbé e.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀: ráǹpù tó ṣeé gbé kúrò. Pátákó nípọn méjì tí kápẹ́ńtà kàn pọ̀, tàbí irin oníkókó lójú tí wẹ́dà tẹ̀. Láàárọ̀ o gbé e síbẹ̀, lálẹ́ o gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kò lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, kò lè ní o ba ilé òun jẹ́. Báyìí ni mo ṣe gbé ilé mẹ́ta.

Ará_Atlanta

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, òfin 1988 sọ pé lańdílọ́ọ̀dù ò lè kọ̀ bí ayálégbé bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, bó bá ti bọ́gbọ́n mu. Ayálégbé lè ní láti dá inú ilé padà sí bó ṣe wà tó bá ń kó lọ.

Ìtàn kan wù mí láti sọ. Obìnrin kan wà ní ìlú yìí, Eleanor Smith, tí òun náà ń lo kẹ̀kẹ́. Ní nǹkan bí 1987 ló bẹ̀rẹ̀ ìjà kan: ó ní kì í ṣe ilé ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ nìkan ló yẹ kí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀, gbogbo ilé ni, torí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ náà ń ṣe àlejò. Ohun mẹ́ta péré ló ní kí wọ́n ṣe: ẹnu ọ̀nà kan tí kò ní àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn tó fẹ̀, àti tọ́lẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀.

Kẹ̀kẹ́Mi_Sùúrùlérè

Àlejò! Ẹ ṣeun. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ bímọ ní ọdún tó kọjá, inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí níbi ìkómọ. Wọ́n gbé jọ̀lọ́fù wá bá mi, wọ́n gbé ọmọ wá bá mi, ó rẹwà. Mi ò tíì rí pálọ̀ ilé náà rí.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, gbọ́ o. Kí gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan ti tọ́lẹ́ẹ̀tì, fẹ̀ bákan náà, búlọ́ọ̀kù ló tilẹ̀ máa dínkù. Ẹ ní nítorí omíyalé lẹ ṣe ń gbé ilẹ̀ sókè, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ lè da yanrìn pupa sí àgbàlá kó máa ga díẹ̀díẹ̀ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, dípò kí ẹ kọ́ àtẹ̀gùn márùn-ún kí àdúgbò lè mọ̀ pé ẹ lówó.

Ọmọ_Mọ́níyà

Wàhálà tuntun dé. Mo ní kí màmá máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, torí íńṣì méje ni, ráǹpù ẹsẹ̀ bàtà méje ti tó, owó rẹ̀ ò pọ̀. Mo sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, “Èmi tí mo bá bàbá yín ru búlọ́ọ̀kù ilé yẹn, kíṣìnnì ni kí n máa gbà wọ̀ ọ́ bí ẹni wá tọrọ iná?” Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ.

Àgbà_Ògbómọ̀ṣọ́

Màmá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ráǹpù, ẹ ṣe é síbi tí ojú ti ń rí i.

Kẹ̀kẹ́Mi_Sùúrùlérè

Bàbá, ẹ ti wà lẹ́yìn wa báyìí o.

Àbúrò, ṣe ti ẹ̀yìn ná, nítorí ọjọ́ tí wọ́n máa délé ti sún mọ́lé. Àmọ́ ṣèlérí ti iwájú fún wọn, kí o sì dá ọjọ́. Mo ti gba ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fún mi lámì ẹ̀yẹ, láàárín garawa ìdọ̀tí. Mo mọ ohun tí màmá ń sọ.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Báwo ni iwájú ilé ṣe gùn tó láti fàráńdà dé géètì?

Ọmọ_Mọ́níyà

Ẹsẹ̀ bàtà 16, sà.

Bíríkìlà_Ẹ̀gbá

Má lọ gbọọrọ, á gbé ọ dé títì. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé, bá ògiri rìn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, ṣe ibi pẹrẹsẹ, yí, kí o parí 10 tó kù sí ẹ̀gbẹ́ fàráńdà. Àtẹ̀gùn bàbá rẹ á wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ó fọ́ ìgbátí fàráńdà díẹ̀ nìkan ni.

Ọmọ_Mọ́níyà (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Màmá ti wà nílé.

Ògiri àárín ti lọ. Líńtẹ̀lì yí ilé ká bí ẹ̀gbọ́n bíríkìlà ṣe sọ, ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ ní íńṣì 33, ìta ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ohun kan bàjẹ́: mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ táìlì, onítáìlì fi èyí tó ń dán sílẹ̀ balùwẹ̀ torí pé ó rẹwà jù. Mo da omi sí i, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. A hú gbogbo rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ kan wọgbó.

Ráǹpù ẹ̀yìn ò tíì gbẹ lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn dá wọn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun wà níbẹ̀. Òun ló gbé màmá láti inú ọkọ̀ gun àtẹ̀gùn mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi lè nàró, ó ń fi ọ̀pá rìn, màmá sì ń bi í léèrè láti orí kẹ̀kẹ́ pé ṣé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ fún un. Òun ló san owó ráǹpù iwájú. Gbogbo rẹ̀.

Súwíìṣì ti sọ̀ kalẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ti wà lórí àjà. Irin náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí màmá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fúnra wọn. Omi ẹ̀rọ ò sí ládùúgbò wa, torí náà àbúrò mi máa ń pọnmi kún táńkì ẹ̀yìn àwo lálaalẹ́, kó jẹ́ pé títẹ̀ ni wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo gbọ́ tí táyà ń dún ní pásééjì. Mo dìde jókòó. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀, mo ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí n máa lọ, ni mo gbọ́ omi tó dà wàà. Mo yọjú sí pásééjì nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún lára táyà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wò mí.

“Kí lò ń ṣọ́?” ni wọ́n wí. “Padà lọ sùn.”